Wọn Kò Dá Àpò Náà Padà fún Ọbàtálá

Èmi ni mo tẹ báńà yẹn. Èyí tí wọ́n gbé kọ́ sí Lágere, tí wọ́n fi lẹ́tà ràgàjì kọ ‘Ìkùnà ni àtẹ̀gùn àṣeyọrí’ sí lára, tí ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́yege ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe lẹ́sìn JAMB, ìdánwò ìwọlé yunifásítì, fún àwọn ọmọ ló gbé iṣẹ́ náà wá. Ó sanwó, mo tẹ̀ ẹ́, ó sì dùn ún wò. Ọmọkùnrin inú àwòrán náà, mi ò mọ̀ bóyá ó kùnà rí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti fà á jáde nítorí pé eyín rẹ̀ funfun.

Iṣẹ́ mi nìyẹn ní Ilé-Ifẹ̀: báńà, fọ́tókọ́pì, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú. Tó bá wá di àsìkò tí èsì ìdánwò ń jáde, gbogbo ìyẹn á sún sẹ́yìn, àwọn ọmọ á kún ṣọ́ọ̀bù. Mo ń bá wọn ṣí èsì wò, mo ń bá wọn kún fọ́ọ̀mù yunifásítì, mo ń tẹ ìwé wọn jáde. Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe ń yege, ìṣojú mi náà ni wọ́n ṣe ń kùnà. Mo mọ àwọn tó máa ń gbàdúrà kí n tó tẹ bọ́tìnnì. Mo mọ àwọn tó ń fi ọwọ́ bo ojú kọ̀ǹpútà mi, bí ẹni pé ẹ̀rọ ni ojú yóò tì. Bàbá kan wà tó bá ọmọ rẹ̀ wá, ó ní kí n ka máàkì náà sókè kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́. Mo ní ojú mi ń dùn mí, kí àwọn méjèèjì jọ wò ó.

Kí omijé tó gbẹ ni ọ̀rọ̀ ìtùnú á ti bẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ á sọ ọ́, àáfà á sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n tó wà ní Kánádà á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp: gba ìkùnà mọ́ra, ọ̀nà àṣeyọrí ni. Mi ò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ènìyàn tó gba ẹrù mọ́ra, ó yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tirẹ̀ ni.

Ẹ rántí ọdún 2025. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ọmọ ń ṣe nínú UTME, ìdánwò tí àjọ JAMB ń ṣe, 100 máàkì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 400 lápapọ̀. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ni JAMB kéde pé nínú èsì 1,955,069 tó jáde, àwọn tó lé ní 1,500,000 ni kò ní tó 200. Ariwo ta. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìwòyí kò kàwé mọ́, wọ́n ní fóònù ló bà wọ́n jẹ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn àgbà tó wá ṣe fọ́tókọ́pì ń ròyìn bí àwọn ṣe fi àtùpà elépo kàwé yege. (Ẹ̀yin tí ẹ fi àtùpà kàwé, a ti gbọ́ o. Ẹ kú iṣẹ́.)

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, lọ́jọ́ 14 oṣù kan náà, ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Ọlọ́yẹ̀dé, jáde síwájú àwọn oníròyìn, ó ní àṣìṣe ti wọ inú ètò náà. Ní ibùdó ìdánwò 157, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò, wọn kò ṣe àtúnṣe tó yẹ sí àwọn sáfà tó ń gba ìdáhùn àwọn ọmọ, máàkì tó jáde níbẹ̀ kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ọmọ 379,997 ni ọ̀rọ̀ náà kàn: 206,610 ní Èkó, 173,387 ní ilẹ̀ Ìgbò. Ọ̀gá náà sunkún lójú gbogbo ayé, ó tọrọ àforíjì, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ náà wá tún ìdánwò ṣe.

Ọ̀ṣun kò sí nínú àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n dárúkọ. Ṣùgbọ́n ta ni kò ní ẹbí ní Èkó? Ìyá kan láti Ìlódè wà ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ tí ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń gbé Agége pè é pé òun ti rí èsì òun. Ọ̀rọ̀ tó sọ sí ọmọ yẹn lórí fóònù, ajá kò ní í fi jẹ oúnjẹ. Nígbà tí ìròyìn wá yí padà, mo bi í bóyá ó ti pe ọmọ náà padà. Ó ní kí n gbájú mọ́ iṣẹ́ mi. Mo gbájú mọ́ ọn. Mo kàn ń kọ ọ́ síbí ni.

Ẹ wá ro ó wò: láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, àwọn èèyàn ń sọ fún ọmọ tó lé ní 300,000 pé kí wọ́n gba ìkùnà tí kì í ṣe tiwọn mọ́ra. Àwọn tó kọ̀ jálẹ̀, tí wọ́n ní ‘èyí kì í ṣe máàkì mi’, tí òbí wọn pariwo, tí wọ́n kọ̀wé, àwọn ló jẹ́ kí wọ́n tún ìdí ọ̀rọ̀ náà wò. Ká ní gbogbo wọn ti káwọ́ gùnlẹ̀, tí wọ́n ń wá àtẹ̀gùn kiri, ibẹ̀ ni ì bá parí sí.

Ó dáa. Ká ní o ti wò ó yíká, tí o sì rí i pé tìrẹ ni ńkọ́? Ifẹ̀ la wà. Ọ̀rọ̀ yìí ti bá ilẹ̀ yìí láti ìgbà tí kò tíì di ilẹ̀.

Gbogbo wa la gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá wa. Ọbàtálá ni Olódùmarè rán. Wọ́n gbé àpò fún un, erùpẹ̀ wà níbẹ̀, adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún wà níbẹ̀, wọ́n ní kó lọ dá ilẹ̀ sórí omi. Ó pàdé ẹmu lọ́nà. Ó mu ún, ó yó, oorun gbé e lọ. Odùduwà dé, ó bá a níbi tó ti ń hanrun, ó gbé àpò, ó sọ̀ kalẹ̀, ó da erùpẹ̀, adìẹ tàn án, ilẹ̀ fẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní agboolé kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ ní òmíràn. Àwọn kan tilẹ̀ ní Odùduwà jí àpò náà ni. N kò ní í bá ẹnikẹ́ni ṣe àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Ifẹ̀ ni mò ń gbé, mo sì ṣì fẹ́ máa gbé ibẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oorun yẹn ni àwọn oníwàásù ìkùnà kì í bá wa sọ dé. Nígbà tí Ọbàtálá jí, wọn kò dá àpò náà padà fún un. Mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí pé Olódùmarè ní, ‘Má yọnu, gba erùpẹ̀ mìíràn, lọ dá ilẹ̀ tìrẹ.’ Ilẹ̀ ti wà, ẹlòmíràn ló sì dá a. Iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́: kó máa fi amọ̀ mọ ènìyàn. Bí ẹ bá bi mí, iṣẹ́ kejì yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ilẹ̀ tí kò séèyàn lórí rẹ̀, kí la fẹ́ fi ṣe? Síbẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n rán an nígbà tó ń tọ̀run bọ̀ nìyẹn. Ó pàdánù èyí tí wọ́n rán an, pátápátá, kò sì rí i gbà mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ẹmu. Títí di òní, ẹmu ni èèwọ̀ àwọn ọlọ́bàtálá. Wọn kò ní kí oorun di èèwọ̀, wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni má rìnrìn àjò mọ́. Wọ́n wá ohun tó fa ọ̀ràn náà gan-an, wọ́n sì fi òfin dè é mọ́lẹ̀ fún ìrandíran, ó wá di pé omi tútù, omi mímọ́, ni wọ́n fi ń bọ òrìṣà náà. Ẹ má sì rò pé ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n rí èyí ṣe. Àwọn kan máa ń sọ ọ́ pé ó tún mu ẹmu náà nígbà tó ń mọ ènìyàn, kó tó di pé ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìkùnà àkọ́kọ́ kò kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Èyí tó wú mi lórí jù ni pé kò sẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Àwọn tó ń sìn ín gan-an ló ń sọ ọ́. Wọ́n á wọ àlà, wọ́n á kì í, wọ́n á wólẹ̀ fún un, wọ́n á sì sọ fún ọ pé ó mutí yó lọ́jọ́ tó ṣe pàtàkì jù láyé. Ẹnì kan kò sì sọ pé ẹmu náà ni àtẹ̀gùn rẹ̀.

Ẹ wá fi wé bí a ṣe ń ṣe é nílé wa. Tí ọmọ bá kùnà, àkọ́kọ́ ni kí aládùúgbò má gbọ́. Ìyá á ní ọmọ ń sinmi díẹ̀ ná. Àwọn kan máa ń bẹ̀ mí kí n pa á rẹ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, bí ẹni pé mo ń tò wọ́n jọ. Lẹ́yìn ọdún kan, ọmọ kan náà á padà wá pẹ̀lú irú èsì kan náà, nítorí pé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e pamọ́, kò sẹ́ni tó wo inú rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n gba ààwẹ̀, wọ́n san owó lẹ́sìn. Wọn ò wá ẹmu.

Ẹmu sì máa ń wà níbẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó ní máàkì tó pọ̀, tó ń fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà, tó fi Ìṣirò sí ibi tó yẹ kí Bàọ́lọ́jì wà. Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì ni iṣẹ́ mẹ́rin tí wọ́n ń béèrè fún ìṣègùn. Ì báà ní 350, wọn kò ní í gbà á wọlé. Ẹnì kan ló yàn án fún un bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó lọ forúkọ sílẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ sì ti ń pè é ní olórí burúkú. Mo ti rí èyí tó ní máàkì JAMB tó dáa, tó gbàgbé pé yunifásítì tiwa níbí máa ń pín máàkì JAMB sí mẹ́jọ, kó di 50, kí wọ́n tó fi 40 ti ìdánwò tiwọn kún un àti 10 ti èsì girama. Ọmọ yẹn yó lórí JAMB, ó sùn lórí èyí tó kù. Mo ti rí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan fà sẹ́yìn, tó sì jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọn kò kọ́ ní lẹ́sìn, nítorí gbogbo wọn rò pé àwọn gbọ́ ọ.

Tí àlejò bá ní kí n mú òun rìn yí Ifẹ̀ ká, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Enúwá, nítòsí ààfin, ni mo máa ń mú un lọ. Ọdún 1938 ni àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin, rí àwọn orí idẹ tó sọ wá di ìlúmọ̀ọ́ká. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe wọ́n. Ìda ni alágbẹ̀dẹ máa kọ́kọ́ fi ya orí náà, ojú, ètè, ìlà ojú, gbogbo rẹ̀. Yóò fi amọ̀ bò ó, yóò gbé e síná, ìda á yọ́ jáde, yóò wá da irin tó ti yọ́ sí àyè tó ṣófo náà. Tó bá tutù, á fọ́ amọ̀. Tí kò bá jáde dáadáa, ìda ti lọ, amọ̀ ti fọ́, kò sóhun tó kù láti wò ṣe àwòṣe. Bàbà pọ́ńbélé tilẹ̀ burú ju idẹ lọ, nítorí kì í ṣàn wọ ibi kọ́lọ́fín bó ṣe yẹ, afẹ́fẹ́ sì máa ń há sínú rẹ̀. Síbẹ̀ bàbà ni wọ́n fi ṣe ìbòjú tí a mọ̀ mọ́ orúkọ Ọbàlùfọ̀n, ọba Ifẹ̀ ayé àtijọ́.

Àwọn tó bàjẹ́ dà? Ó dájú pé wọ́n bàjẹ́. Ṣùgbọ́n irin wọ́n nígbà yẹn, ẹni tí tirẹ̀ bá bàjẹ́ á tún un yọ́ ni. Nítorí náà, àlejò máa ń jáde níbẹ̀ pẹ̀lú èrò pé àwọn baba wa kì í ṣe àṣìṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn àwọn tó fi ìkùnà ṣe àtẹ̀gùn ṣe rí. Àwọn tó gòkè ló ń sọ ọ́. Àwọn tó kùnà tí wọn kò dìde mọ́, wọn kì í pè wọ́n wá sórí pèpéle ní ọjọ́ ìdúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó wá máa ń dà mí láàmú jù ni ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní 1979 ó du ipò ààrẹ, ó ní ìbò 4,916,651, Shagari ní 5,688,857. Ó lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá a lẹ́bi lóṣù kẹsàn-án. Ó tún du ipò náà ní 1983, kò tún wọlé. Ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún 1987 ló kú, kò sì jẹ ààrẹ. Níbo ni àtẹ̀gùn yẹn dé? Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì wa, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1962 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 244 kó tó kó wá sí Ifẹ̀ ní 1967. Mo ti gbọ́ tí olùbánisọ̀rọ̀ kan fi èyí ṣe àpẹẹrẹ pé ìkùnà ló gbé e dé ibẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí Yorùbá fi ń rántí Awólọ́wọ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ni ó ṣíwájú, ìgbà tó wà lórí oyè ló sì ṣe é. Àṣeyọrí rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ìkùnà tẹ̀ lé e, ó sì jẹ́ ìkùnà títí ó fi kú, kò sì ba ohun tó ti ṣe jẹ́.

Òfin lèmi náà fẹ́ kọ́. Mi ò rí i kọ́. Mo kọ́ nǹkan mìíràn, mo sì ń jẹun nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Àwọn lọ́yà máa ń gbé ìwé wá kí n bá wọn tẹ̀, mo máa ń rí ibi tí wọ́n ti ṣi gírámà lò, ó sì máa ń dùn mí díẹ̀. Díẹ̀ ni o. Mi ò rò pé ó yẹ kí n sọ dídùn yẹn di ìbùkún kí n tó lè gbé ayé mi.

Àwọn ọmọ tó ń wá sọ́dọ̀ mi, ọ̀nà wọn pọ̀ ju tèmi lọ. Àwọn kan lọ sí Mọ́rọ̀ lọ ka pírídígírì, ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ fún yunifásítì, àwọn kan gba ọ̀nà Direct Entry, tí wọn kì í ṣe UTME fún, lẹ́yìn tí wọ́n ti parí NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Iléṣà, tí kò jìnnà rárá, ti ní yunifásítì tirẹ̀ báyìí, láti ara ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ Ifẹ̀ kan sọ fún mi pé òun kò lè lọ kàwé ní Iléṣà. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní wọ́n á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ sí ìyẹn.

Mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ Ọbàtálá yìí fún àwọn òbí tó pẹ́ díẹ̀, ó sì máa ń wọ̀ wọ́n létí. Àfi ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ lọ́jà Odò-Ògbè. Òun ni ìyá ọmọ tó fi Ìṣirò sí ipò Bàọ́lọ́jì. Mo sọ ọ́ láti orí dé ìdí, àpò, oorun, èèwọ̀, gbogbo rẹ̀. Ó dákẹ́ títí mo fi parí.

Ó ní, ‘Àǹtí, ọ̀rọ̀ yín dùn. Ṣùgbọ́n Ọbàtálá kò ra fọ́ọ̀mù.’

Mo bú sẹ́rìn-ín, kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ń ka ìka: owó fọ́ọ̀mù, owó lẹ́sìn, owó ọkọ̀ lọ sí ibùdó ìdánwò, àbúrò ọmọ náà tó ń bọ̀ lẹ́yìn, oúnjẹ ọdún kan gbáko. Ó ní àwọn tó ń sọ pé kí èèyàn gba ìkùnà mọ́ra, kí wọ́n sọ ẹni tó máa gba gbèsè rẹ̀ mọ́ra. Mo ní, ‘Màmá, òótọ́ lẹ sọ.’ Mo fa bébà kan tó ti bàjẹ́ yọ nínú ẹ̀rọ, mo yí i padà, a jókòó, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Iṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ń san owó rẹ̀ ní lẹ́sìn lọ́dún tó kọjá. Físíìsì ọmọ náà dáa, Kẹ́mísírì rẹ̀ dáa, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò burú. Bàọ́lọ́jì nìkan ni kò kọ́ rí. Mo ní kí wọ́n san owó Bàọ́lọ́jì nìkan, kí ọmọ máa wá bá mi ṣe fọ́tókọ́pì láàárọ̀, kí n máa fún un lówó ọkọ̀.

Ó wo bébà náà pẹ́. Ó ní ṣé ó dá mi lójú pé wọ́n á gbà á láti san ti iṣẹ́ kan. Mo ní èmi fúnra mi máa bá wọn sọ ọ́. Ó ká bébà náà sínú ìró, ó wá ní, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ òun ti fẹ́ di òṣìṣẹ́ mi, kí n yọ owó èsì tí mo tẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ yẹn kúrò. Mo yọ ọ́ kúrò.